Ẹ Má Balẹ̀ Níbí

Òbúkọ dúdú náà tún yí padà, ó sì fi eré gbígbóná la àmì funfun tí Mùínátù Bàrúwà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà kùn sí àárín pápá kọjá. Ọ̀dà ò tíì gbẹ. Òbúkọ dúró lórí rẹ̀, ó tẹrí ba bí ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ ọmọ-iṣẹ́ wò, ó wá gbé ìrù sókè, ó ya ìgbẹ́ sí i.

“Yéè! Ẹran yìí máa pa mí!” Mùínátù ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó gbá tọ̀ ọ́. Ẹ̀wù àwọ̀lékè aláwọ̀ ọsàn tó wọ̀ ń gbọ̀n pẹpẹ lára rẹ̀, bàtà rẹ̀ kan sì ti fẹ́ bọ́.

Aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, nínú oṣù Ọ̀pẹ. Bí aago bá lu mọ́kànlá, hẹlikọ́pítà kan máa gbéra ní Ìkẹjà. Nígbà tó bá fi máa di ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ balẹ̀ sórí àmì yìí gan-an, ní pápá ìṣeré ilé-ìwé girama kan l'Áyétòrò, kí Olóyè Ọlágúnjú àti àlejò rẹ̀ méjì tó bá a ti ìlú òyìnbó wá lè lọ wo ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi dá oko ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ Mùínátù ni láti rí i pé ilẹ̀ ti ṣe tán kí ọkọ̀ náà tó dé. Ilé-iṣẹ́ Àwòdì ló rán an wá, àwọn tó máa ń fi bàálù àdáni háyà fún àwọn oníṣòwò ńláńlá l'Ékòó. Ọdún kẹrin rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn nìyí, èyí sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi gbogbo ètò bíbalẹ̀ kan lé òun nìkan lọ́wọ́.

“Ìwọ lo ni ìlú,” ni Màdáámù Rẹ̀mí, ọ̀gá rẹ̀, wí fún un nígbà tó ń bọ̀. “Àwọn èèyàn ẹ ni. Wọn ò ní yọ ẹ́ lẹ́nu.”

Àwọn èèyàn rẹ̀ nìyí.

“Mùínátù, kí ni òbúkọ mi ṣe fún ẹ?” Àṣíáwù, obìnrin tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà ilé-ìwé, ti dúró sẹ́nu ihò tí àwọn ewúrẹ́ ń gbà wọlé, ó fi ọwọ́ lérán.

“Màmá, mo bẹ̀ yín lánàá pé kẹ́ ẹ so wọ́n mọ́lẹ̀ títí di aago méjìlá.”

“O bẹ̀ mí. N ò sọ pé o ò bẹ̀ mí. Àmọ́ ṣé o bẹ àwọn náà?” Ó rẹ́rìn-ín títí ara rẹ̀ fi mì. “Ọmọ tó tìtorí bàálù lọ sí Èkó ló wá ń lé òbúkọ kiri yìí. Ṣé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ẹ níbẹ̀ nìyẹn?”

Mùínátù ṣí ẹnu, ó pa á dé. Ohun tó bí i nínú jù ni pé bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ náà nìyẹn. Ta ló máa ṣàlàyé ẹ̀ fún?

Kì í ṣe fífò ló wù ú nínú ọ̀rọ̀ bàálù. Nígbà tó wà ní Pólì Ìlaròó ni wọ́n ní kó lọ fi oṣù mẹ́fà kọ́ṣẹ́ níta, ó sì ṣe kòńgẹ́ ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú bàálù àwọn olówó. Lẹ́tà ni wọ́n ní kó máa tẹ̀. Ọjọ́ kan ni wọ́n ní kó tún ìwé kan tẹ̀: ìlà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, nítorí bàálù kan ṣoṣo tó fẹ́ gbé ọkùnrin kan ṣoṣo lọ sí Àkírà. Epo. Àṣẹ láti gba ojú ọ̀run ìlú onílùú kọjá. Bí atẹ́gùn ṣe máa rí nírọ̀lẹ́. Oúnjẹ tí kò ní iyọ̀. Táyà. Orúkọ ẹni tó máa ṣí géètì. Bí ìlà kan bá ṣẹ́kù, bàálù ò ní mira. Ó tẹ̀lé akọ̀wé àgbàlagbà tó ni ìwé náà dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó rí i bó ṣe ń fi gègé fa ìlà lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi kan ìkẹyìn, tí bàálù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun. Ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀ ò mọ akọ̀wé yìí rí. Kò wulẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ohun tó máa ń ṣe àwọn ọ̀rẹ́ Mùínátù bí wọ́n bá rí ọkùnrin tó wù wọ́n ló ṣe é lọ́jọ́ náà: àyà rẹ̀ já, ẹnu rẹ̀ gbẹ. Láti ìgbà náà, kò fẹ́ iṣẹ́ mìíràn mọ́.

Bàbá rẹ̀, tó ń ta èlùbọ́ àti àgbàdo láti Ayétòrò dé Ìdí-Ìrókò, ti gbìyànjú títí kí ó lóye rẹ̀. “Bí kì í bá ṣe ìwọ lò ń wà á,” ni ó máa ń wí, “tí kì í sì í ṣe ìwọ lò ń pín oúnjẹ nínú ẹ̀, kí lo wá ń ṣe nídìí ẹ̀?”

“Mo ń ṣètò ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ètò.” Bàbá á yí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí ẹni tó ń wádìí iṣu tó ti ń rà nínú.

Fóònù rẹ̀ dún. Bàbá náà ni.

“Husain ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí,” ni ó wí láìkí i. Husain ni ọmọ ọ̀rẹ́ Bàbá tó wà lọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ní Pólì. Ó ti bá wọn wá àyè kan níbẹ̀ fún Mùínátù: iṣẹ́ olówó oṣù, tó ní owó ìfẹ̀yìntì, tí kò jìnnà sílé. “Ó ní òní ló kẹ́yìn. Bí o ò bá fún òun lésì kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún.”

“Bàbá, mo wà lẹ́nu iṣẹ́.”

“Mo mọ̀. Wọ́n ti sọ fún mi. Wọ́n ní ewúrẹ́ lò ń lé.”

Ó pa fóònù náà, ó wo òbúkọ tó ti ń jẹ ewé lẹ́bàá ògiri, ó sì fẹ́ sunkún. Kò sunkún. Ó wá òkúta mẹ́ta, ó fi dí ihò ọgbà, ó padà síbi àmì rẹ̀, ó gbọn ìgbẹ́ kúrò, ó tún un kùn.

Ní aago mẹ́sàn-án, ọkọ̀ akẹ́rù kan gba géètì wọlé, ó gbé kánópì mẹ́ta, àga onírọ́bà tó lé lọ́gọ́rùn-ún, àti aṣọ gígùn kan tí wọ́n ya àwòrán Olóyè Ọlágúnjú sí. Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀ ló ṣáájú. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tó fẹ́ gba Olóyè lálejò, òun náà ló sì kọ́ Mùínátù ní ìṣirò nígbà tó wà ní kíláàsì kejì nílé-ìwé yìí kan náà. Kò tíì sẹ́ni tó ń pè é ní nǹkan mìíràn ju Tísà.

“Ibí yìí,” ni Tísà ń wí fún àwọn tó ń já ẹrù. “Ẹ rì í síbí, kí Olóyè bọ́ sílẹ̀ kó sì kàn jókòó ni.”

“Ẹ má bínú, Tísà.” Mùínátù ti sáré dé. “Kò lè wà níbẹ̀.”

“Kí ni kò lè wà níbẹ̀?”

“Kánópì. Bí hẹlikọ́pítà bá ń balẹ̀, atẹ́gùn abẹ́ ẹ̀ lágbára gan-an. Á fa kánópì yìí tu bí ẹni fa ilá.”

“Ọmọ mi, irin ni ọ̀pá ẹ̀.”

“Irin náà ló ń bà mí lẹ́rù, sà.”

Tísà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú, bó ṣe máa ń ṣe bí ọmọ kan bá ṣi ìṣirò ṣe níwájú pátákó. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà fún ìṣẹ́jú ogún. Níkẹyìn ó gbà, wọ́n kó gbogbo ẹrù lọ sẹ́yìn ilé ìkàwé. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ, ó ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ sókè tó kí Mùínátù gbọ́, pé àwọn ọmọ tó bá dé Èkó, àṣẹ pípa ni wọ́n ń kọ́ bọ̀.

Màdáámù Rẹ̀mí pè. Ṣé ilẹ̀ ti dára? Ó ti dára, mà. Ó tún pè lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣé wọ́n ti tọ́jú omi tútù? Wọ́n ti tọ́jú ẹ̀, mà. Ó tún pè. Ṣé Mùínátù mọ̀ pé oníbàárà tó tóbi jù lọ lọ́dún yìí ni Olóyè? Ó mọ̀, mà. Ó ti mọ̀ láti àná, láti ìjẹta, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Nígbà tí aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ní ọ̀gá ilé-ìwé ń pè é. Lẹ́tà tí wọ́n fi gba àṣẹ pápá kò ní òǹtẹ̀. Mùínátù ní lẹ́tà náà ti wà lórí tábìlì ọ̀gá láti ọjọ́ Ajé. Ọ̀gá ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní òǹtẹ̀. Wọ́n wá òǹtẹ̀. Akọ̀wé tó ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ti lọ ra búrẹ́dì. Mùínátù dúró, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ èkejì. Wókítókì tó fi há ìgbànú dún kẹrẹkẹrẹ, ohùn Kápútẹ̀nì Kọ́mọláfẹ́, tó ń wa hẹlikọ́pítà náà, sì ti inú rẹ̀ jáde pé àwọn ti gbéra ní Ìkẹjà, àwọn ti dé agbedeméjì ọ̀nà. Akọ̀wé dé. Wọ́n lu òǹtẹ̀. Nígbà tí Mùínátù fi máa sáré padà sí pápá, ó ku ìṣẹ́jú méje.

Kánópì kan ti padà sétí pápá.

Kò ju ìgbésẹ̀ ogójì lọ sí àmì funfun náà. Wọ́n ti so àwòrán Olóyè mọ́ iwájú rẹ̀, àwọn àgbà ìlú bí ogún sì ti jókòó sábẹ́ rẹ̀ lórí àga onírọ́bà, wọ́n ń fi fìlà fẹ́ ara wọn. Ní ìlà iwájú pátápátá, láàárín méjì, nínú agbádá funfun tí kì í wọ̀ bí kò ṣe ọdún Iléyá, bàbá rẹ̀ ni ó jókòó. Tísà ló ránṣẹ́ pè é. Bàbá ọmọ tó ń mú hẹlikọ́pítà bọ̀ wá sílùú, ó yẹ kó jókòó níwájú.

“Tísà! A ti jọ sọ ọ́!”

“Oòrùn ni,” ni Tísà wí. “Ṣé o fẹ́ kí oòrùn pa àwọn bàbá yìí ni? Ẹyọ kan péré ni mo ní kí wọ́n gbé wá.”

“Ẹ dákun, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jẹ́ ká sún sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn ilé yẹn, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.” Ó kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì wà nínú iyanrìn, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí wókítókì. “Ẹ̀mí yín ni mò ń rò.”

Àgbà kan rẹ́rìn-ín. Òmíràn ní òun ti rí bàálù ní Mẹ́kà, òun ò kú. Ẹ̀kẹta ní orúnkún òun ò lè dé ẹ̀yìn ilé yẹn kó sì tún padà. Mùínátù wo bàbá rẹ̀. Àgbà wà lọ́jà, ogún wọn, orí ọmọ tuntun sì ń wọ́ níṣojú gbogbo wọn.

Bàbá tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí àga, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí àwọn yòókù má baà gbọ́. “Mùínátù. Má dójú tì mí.”

Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹ̀rọ ọlọ tó wà lókèèrè, lẹ́yìn náà ó dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbá léraléra. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kígbe láti ojú fèrèsé. Àwọn àgbà dìde, kì í ṣe láti kúrò, láti juwọ́ ni. Hẹlikọ́pítà náà yọ láti inú ọyẹ́ lápá gúúsù, ó kéré, ó dúdú, ó ń bọ̀ tààrà.

“Mùínátù, mo ti ń rí ìlú,” ni Kápútẹ̀nì Kọ́mọláfẹ́ wí nínú wókítókì. “Ṣé ilẹ̀ mọ́?”

Fóònù rẹ̀ ń gbọ̀n nínú àpò. Màdáámù Rẹ̀mí ni, kò sí àní-àní. Ó wo kánópì náà: ọ̀pá irin mẹ́fà, okùn mẹ́rin tí wọ́n so mọ́ èèkàn tí ọmọdé lè fà tu. Àwọn mìíràn ti balẹ̀ níbi tó burú jù báyìí lọ, ohunkóhun ò sì ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ohunkóhun ò ní ṣẹlẹ̀ níbí náà. Bó bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré, gbogbo ìlú á yìn ín, Màdáámù á yìn ín, bàbá rẹ̀ á jókòó níwájú. Ṣùgbọ́n a kì í fi orí olórí fọ́ àgbọn.

“Ilẹ̀ ò mọ́,” ni ó wí.

“Tún un sọ.”

“Ilẹ̀ ò mọ́, sà. Èèyàn àti kánópì wà létí pápá. Ẹ má balẹ̀ níbí.” Ó ti sáré bọ́ sáàárín pápá, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó fi wọ́n ṣe àgbélébùú lórí ara rẹ̀. “Ẹ lọ sí ibi kejì. Ibi kejì, sà.”

Wókítókì tún dún kẹrẹkẹrẹ. “Olóyè ń béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ṣé ó dá ẹ lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

Ibi kejì ni ilẹ̀ àgbàdo kan tí wọ́n ti kórè rẹ̀, ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, lẹ́yìn ìlú. Mùínátù ló fi ẹsẹ̀ rìn ín láti ìkángun dé ìkángun lánàá, tó gba àṣẹ, tó ní kí wọ́n fi awakọ̀ kan pẹ̀lú ọkọ̀ síbẹ̀ bí ó bá di dandan. Nígbà tó kọ ọ́ sínú ìwé, Màdáámù Rẹ̀mí rẹ́rìn-ín lórí fóònù pé Ayétòrò kan péré, ibi méjì.

Hẹlikọ́pítà náà yí po lẹ́ẹ̀kan lókè réré, oòrùn kọ mọ̀nà lára dígí rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ.

Ọwọ́ tí àwọn àgbà fi ń juwọ́ ṣì wà lókè. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ó lé e lọ!” ni Tísà ń kígbe, ó sì gbàgbé láti yọ awò ojú rẹ̀. “Ọmọ tí mo kọ́! Nítorí ọ̀pá mẹ́fà, ó lé Olóyè lọ!”

Bàbá rẹ̀ ká ọwọ́ agbádá rẹ̀, ọ̀tún lẹ́yìn náà òsì, ó sì rìn jáde lábẹ́ kánópì.

Ọkọ̀ gbé Olóyè Ọlágúnjú dé pápá lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú. Ó bọ́ sílẹ̀, eruku wà létí ṣòkòtò rẹ̀, àwọn òyìnbó méjì tẹ̀lé e, ojú wọn ti pọ́n. Kò jókòó.

“Ta ni ọmọbìnrin tó lé mi dànù ní ìlú bàbá mi?”

“Èmi ni, sà,” ni Mùínátù wí.

Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, dé orí ọ̀dà funfun tó wà lórúnkún rẹ̀. “Bí mo bá tún rí ẹ nídìí bàálù tí mo fẹ́ wọ̀, mo máa sọ̀kalẹ̀.” Ó kọjá lọ bá àwọn àgbà.

Màdáámù Rẹ̀mí ò tilẹ̀ jẹ́ kó ṣàlàyé lórí fóònù. “Má wulẹ̀ wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé. Dúró sílé títí n ó fi pè ẹ́.” Ìyẹn nìkan, ó sì pa á.

Mùínátù lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn kíláàsì kan tó wà lófìfo. Inú ń bí i. Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó sọ ọ́ ò sọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe arọ lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ogun bá gba ibòmíràn lọ, tí gbogbo àdúgbò sì ń bi í pé kí ló dé tó fi ń yọ wọ́n lẹ́nu látàná. Ká ní ó jẹ́ kó balẹ̀ ni, kí irin kan gún ẹnì kan, wọn ì bá gbà á gbọ́. Báyìí, kí ni ó fẹ́ nawọ́ sí? Kánópì wà níbẹ̀, ó nàró, Olóyè dúró lábẹ́ rẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín, kò sí ohun tó ṣe é.

Bàbá rẹ̀ wá, ó dúró níwájú rẹ̀. Kò jókòó.

“Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀?” ni ó bi í.

Ó gbójú sókè. Bàbá ò bi í bí ẹni tó ń bínú. Ó ń béèrè ni, bó ṣe máa ń béèrè iye àpò tó bọ́ sílẹ̀ lórí ọkọ̀.

“Bàbá, ẹ rántí ìjì tó ṣí òrùlé ìsọ̀ yín ní Ìdí-Ìrókò?”

“Páànù mẹ́jọ. A rí ọ̀kan he lójúlé kẹta.”

“Èyí lágbára jù ú lọ. Kì í sì í ṣe pé á fẹ́ kọjá. Á dúró sójú kan, á máa fẹ́.”

Bàbá yíjú padà, ó wo kánópì náà, ó wo ọ̀pá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. “Iwájú pátápátá ni mo jókòó.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ká ní mi ò sí níbẹ̀ ńkọ́?”

“Ohun kan náà ni n ì bá sọ.”

Ó rọra mi orí. Mùínátù ò lè sọ bóyá ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn nínú tàbí ó dùn ún. “Husain ń retí wa,” ni ó wí nígbà tó yá.

“Ẹ ní kó fún ẹlòmíràn, ẹ jọ̀ọ́.”

“Wọ́n ti lé ẹ níbi tó ò ń sọ yẹn!”

“Mo gbọ́ wọn, Bàbá.”

“Orí rẹ le, Mùínátù. Orí rẹ le bí orí ìyá rẹ.” Ó pòṣé, gígùn, ó ti ń lọ, ó tún dúró. “Nǹkan yẹn dà báyìí? Hẹlikọ́pítà. Ta ló ń ṣọ́ ọ?”

“Ọlọ́dẹ kan wà níbẹ̀ ...” Ó dá ọ̀rọ̀ náà dúró sáàárín. Ọlọ́dẹ kan ṣoṣo, nínú ọgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kún bí eéṣú. Ó sì máa padà gbéra ní aago mẹ́ta.

Ọlọ́kadà tó gbé e ń sáré, ó sì ń bi í bóyá lóòótọ́ ni pé hẹlikọ́pítà náà kọ̀ láti balẹ̀ nítorí pé wọn ò sanwó epo. Mùínátù ní kó wo iwájú rẹ̀. Wọ́n ti kọjá géètì ilé-ẹ̀kọ́ náà kó tó wá sí i lọ́kàn pé kò sẹ́ni tó rán an.

Ohun tó rò náà ló bá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní àádọ́ta ti yí hẹlikọ́pítà náà ká, wọ́n ń ya fọ́tò. Ọmọbìnrin kan fẹ̀yìn ti ìrù rẹ̀, ó tẹ ẹnu ṣùú. Ọlọ́dẹ náà ló ń bá wọn ya á.

“Ẹ kúrò níbẹ̀! Kúrò! Ìwọ, gbé apá kúrò lára ẹ̀!” Ohùn rẹ̀ ti há kó tó lé wọn dé ẹ̀yìn ebè. Ó rí okùn kan lọ́wọ́ ọlọ́dẹ, ó gbà á, ó ta á láti igi kan dé èkejì, ó ní ẹni tó bá kọjá rẹ̀, òun á pe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́.

Kápútẹ̀nì Kọ́mọláfẹ́ jókòó sábẹ́ igi káṣú, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó wò ó títí ó fi parí.

“Wọ́n ní wọ́n ti dá ẹ dúró.”

“Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, sà.”

Ó fọ́ ẹ̀pà kan, kò jẹ ẹ́. “Ọyẹ́ bò mí lójú nígbà tí mò ń bọ̀. Mi ò rí kánópì kankan, Mùínátù. Mo rò pé ilẹ̀ mọ́ ni.”

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ẹnì kan ti jẹ́rìí wàyí pé ó ṣe ohun tó tọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni: “Ẹ̀yin náà sì jókòó, ẹ ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n ń fẹ̀yìn ti ìrù ọkọ̀ yín!”

Kápútẹ̀nì rẹ́rìn-ín. “Mo máa kọ ọ́ sínú ìwé mi,” ni ó wí. “Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa kà á.”

Olóyè dé ní aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mùínátù dúró sí ààyè rẹ̀, ó yẹ ilẹ̀ wò, apá ọ̀tún, apá òsì, ó na àtàǹpàkò sókè sí Kápútẹ̀nì. Abẹ̀bẹ̀ orí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Pòròpórò àgbàdo sọjí, ó ń fò kiri bí ẹyẹ tí wọ́n tú sílẹ̀, eruku bo gbogbo ilẹ̀. Ó rí ìbòrí ọmọbìnrin kan tó fẹ́ bọ́, ó sáré sí i, ó fi ọwọ́ tì í mọ́ ọn lórí. Ó rí ọkùnrin kan tó ń gbìyànjú láti bẹ́ okùn kọjá, ó fi ara dí i. Ó rí sálúbàtà kan tó ń yí gbirigbiri, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ariwo náà wọ inú egungun rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀, títí tó fi di pé ẹyẹ oko ló tún ń dún.

Ó tu iyanrìn ẹnu rẹ̀ dànù. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí sálúbàtà. Gbogbo èèyàn tó yí i ká ni ó ṣì gbójú sókè, tí wọ́n la ẹnu, tí wọ́n na ìka sí ibì kan nínú ọyẹ́. Òun náà wá gbójú sókè. Kò rí nǹkan kan mọ́; ó ti lọ.

Ọdún mẹ́rin, bàálù tí kò mọye, kò sì tíì wo ọ̀kan kó gbéra títí tó fi wọ inú àwọsánmà rí. Ilẹ̀ ló máa ń wò. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó ti há àti ẹ̀wù ọsàn tó kún fún eruku, ó ń retí kí èyí dùn ún, ó sì yà á lẹ́nu díẹ̀ pé kò dùn ún rárá.